Bí Aboyún Onígbàgbọ́ Ṣe Lè Múra Sílẹ̀ fún Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Àkọ́kọ́ Lẹ́yìn Ìbímọ

Ìgbàkúùgbà tí a bá lọ bẹ aboyún wò nínú ìjọ, pàápàá èyí tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje, ìbéèrè kan náà ni a máa ń bá pàdé: ẹrù ọmọ ti pé, a ti gba káàdì, àdúrà ń lọ lọ́wọ́, kí ló tún kù? Ohun tí ó kù ni ìtọ́jú ìyá fúnra rẹ̀. Ẹ tú àpò tí ọ̀pọ̀ aboyún ń gbé lọ sí yàrá ìbímọ wò: fìlà ọmọ, ìbọ̀sẹ̀, aṣọ òtútù, pọ́ńdà àti ọṣẹ ọmọ ló kún inú rẹ̀, ti ìyá ọmọ kò ju ìró méjì àti páàdì díẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ilé ọmọ ń súnkì padà sí bí ó ṣe wà, tí ọgbẹ́ ń jinná, tí ẹ̀jẹ̀ tí ó dànù sì ń padà bọ̀ sípò. Ewu kò tíì tán nílẹ̀ nígbà tí àwọn ará bá ń kí yín pé ẹ kú ewu ọmọ. Nítorí náà, kí ìrọbí tó dé ni kí ẹ ti ṣe gbogbo ètò tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí. Ìyá onígbàgbọ́ ni mo dìídì kọ ọ́ fún, nítorí pé ìjọ lè jẹ́ ìrànlọ́wọ́ tí ó tóbi jù lọ fún ìyá ìkókó, ó sì tún lè di ẹrù lórí ẹrù bí ẹnikẹ́ni kò bá ti là á yé wọn ṣáájú.

## Àdéhùn mẹ́ta tí ẹ ó ṣe láti oṣù keje

1. Ẹ̀yin àti ọkọ yín

Ẹ yan ibi tí ẹ ó bímọ sí, kí ẹ sì forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, a ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Bowen àti ti LAUTECH nítòsí. Bí ó bá jẹ́ ilé ìgbẹ̀bí ìjọ tàbí ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò ni ọkàn yín fà sí, ẹ gba káàdì sí ilé ìwòsàn ńlá kan pẹ̀lú, kí ó má baà jẹ́ pé ọjọ́ tí wàhálà bá dé ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè orúkọ yín.

Kí ọkọ yín mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára yín, kí ó sì ti bá ẹni méjì tí ó lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí nọ́ńbà awakọ̀ kan tí ó ń gbé àdúgbò yín, tí ó sì lè jáde lóru, wà lórí fóònù ẹ̀yin méjèèjì, nítorí pé kẹ̀kẹ́ Màrúwá tí ó kún àdúgbò Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sàn-án kì í sí níbẹ̀ ní aago méjì òru. Bí ẹ kò bá tíì sí nínú ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí a mọ̀ sí OYSHIA, àkókò yìí ni kí ẹ béèrè nípa rẹ̀.

Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ pamọ́ fún ara yín. Gbogbo wa ni a ń gbàdúrà pé kí a bímọ bí àwọn obìnrin Hébérù inú Ẹ́kísódù 1:19, tí wọ́n ti máa ń bí kí agbẹ̀bí tó dé. Àdúrà rere ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí ìyá tí ó ń sunkún lórí ibùsùn, tí ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ le wà lápá rẹ̀, nítorí pé ó gbà pé ìgbàgbọ́ òun ni kò tó tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún òun; mo sì ti rí ọkọ tí ó fi ìwé ìfọwọ́sí falẹ̀ nígbà tí ó ń rẹ ọmọ nínú ìyá rẹ̀. Ẹ pinnu nísinsìnyí pé bí dókítà bá ní iṣẹ́ abẹ ló kàn, ẹ ó fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀, ẹ ó sì máa gbàdúrà bí wọ́n ṣe ń gbé yín lọ.

2. Ẹ̀yin àti màmá tí yóò wá wẹ ọmọ

Ìbáà jẹ́ ìyá yín ni tàbí ìyá ọkọ, ẹ mọ ọjọ́ tí wọn yóò dé àti ìgbà tí wọn yóò lò. Ẹ tọrọ ohun mẹ́ta pàtó lọ́wọ́ wọn: kí wọ́n bá yín gba ọmọ mọ́ra láàárọ̀ kí ẹ lè padà sùn, kí wọ́n máa bójú tó oúnjẹ yín, kí wọ́n sì máa bá yín dá àlejò dúró. Ìyá ọkọ lè sọ fún àlejò pé ìyàwó òun ń sùn, kò sì sí ẹni tí yóò bínú sí i. Bí ìyàwó bá sọ ọ́ fúnra rẹ̀, wọn yóò ní ó ń gbéra ga.

3. Ẹ̀yin àti ìjọ

Ẹ má dúró kí pásítọ̀ ṣàdédé ronú kàn án. Ẹ lọ rí òun tàbí ìyàwó rẹ̀, kí ẹ sì fẹnu kò lórí àwọn nǹkan wọ̀nyí:

- Kí wọ́n yọ orúkọ yín kúrò nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́ akọrin, kíláàsì ọmọdé àti gbígbá ilé ìjọsìn fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta.
- Ẹ kò ní gba ààwẹ̀, ẹ kò sì ní lọ sí ìṣọ́ òru. Ìyá tí ó ń fún ọmọ lọ́mú nílò oúnjẹ àti omi ju bó ṣe nílò wọn nígbà tí kò tíì bímọ lọ. Bí ìjọ bá kéde ààwẹ̀, ẹ bá wọn gbàdúrà nílé lẹ́yìn oúnjẹ.
- Kí a má ṣe mú ọjọ́ ìdúpẹ́ kí ọmọ tó dé. Lẹ́yìn àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ kẹfà ni ó dára jù, nígbà tí ẹ lè dúró kí orin ìdúpẹ́ parí láìsí pé òòyì ń kọ́ yín.
- Kí àwọn tí ó ń bọ̀ wá kí yín má ṣe pẹ́, kí wọ́n fọ ọwọ́ kí wọ́n tó gbé ọmọ, kí ẹni tí ọ̀fìnkìn bá ń dà láàmú sì kí yín lórí fóònù.
- Kí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, yálà W.M.U. ni tàbí Good Women, pín ọjọ́ oúnjẹ láàrin ara wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ pé ìkòkò ọbẹ̀ kan, tàbí ẹni méjì tí yóò wá fọ aṣọ, yóò ràn yín lọ́wọ́ ju ọṣẹ àti aṣọ ọmọ tí gbogbo ènìyàn ń gbé wá lọ.

Bí ọkàn yín bá ń dá yín lẹ́bi pé ẹ ń sinmi nígbà tí iṣẹ́ Olúwa wà nílẹ̀, ẹ ka 1 Àwọn Ọba orí 19. Nígbà tí ó rẹ Èlíjà nínú aginjù, oúnjẹ àti oorun ni áńgẹ́lì fi ṣáájú, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì jí i kí ó jẹun, kí ọ̀rọ̀ ìrìn àjò tó wáyé.

## Ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú àpò àti yàrá ìyá

- Páàdì ńlá ti ìbímọ, ó kéré tán páálí méjì, àti pátá olówùú tí kò fún ara
- Ẹ̀wù tí ó ṣí níwájú, àti aṣọ ìnura tí ó jẹ́ ti ìyá nìkan
- Kẹ́tù kékeré tàbí ife ńlá fún fífi omi ṣan ara lẹ́yìn ìtọ̀
- Tẹmómítà
- Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń lò nínú oyún. Ẹ má ṣe dá a dúró lọ́jọ́ ìbímọ, ẹ béèrè iye ọ̀sẹ̀ tí ẹ ó tún lò ó
- Jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine fún ìwọ́ ọmọ
- Fúláàsì, àwọ̀n ẹ̀fọn, àti iná tí oòrùn ń fún lágbára nítorí òru tí kò bá sí iná mànàmáná

Ìkìlọ̀ méjì lórí àwọn ẹrù yìí. Àkọ́kọ́, ìwọ́ ọmọ nìkan ni jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine wà fún. Ó lè ba ojú ọmọ jẹ́ bí ẹnì kan bá ṣì í mú lóru pé oògùn ojú ni, nítorí náà ẹ má ṣe kó o pọ̀ mọ́ oògùn mìíràn. Ìkejì, ẹ má ṣe fi káńfọ̀ oníhóró sáàrin aṣọ ọmọ. Àwọn ọmọ kan wà tí a bí pẹ̀lú àìtó èròjà G6PD nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, èyí kò sì ṣọ̀wọ́n láàrin wa. Èéfín káńfọ̀ máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ yóò di àwọ̀ ìyeyè, bí a kò bá sì tètè tọ́jú rẹ̀, ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Bí ó bá jẹ́ aṣọ ẹ̀gbọ́n ọmọ tí ẹ ti fi káńfọ̀ pamọ́ ni ẹ fẹ́ lò, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ sì sá a sóòrùn títí òórùn náà yóò fi kúrò pátápátá.

## Ọjọ́ àkọ́kọ́ ní ilé ìwòsàn

1. Ẹ fi ọmọ sí ọmú láàrin wákàtí kan tí ẹ bí i. Ọmú àkọ́kọ́ tí ó ki, tí àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ìyeyè, kì í ṣe ìdọ̀tí; ẹ má ṣe fún un dànù.
2. Ẹ tọ̀ láàrin wákàtí mẹ́fà. Bí ìtọ̀ kò bá jáde, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì.
3. Ẹ má ṣe kánjú jáde kí wákàtí 24 tó pé, bí ara tilẹ̀ yá. Àkókò yìí ni ẹ̀jẹ̀ máa ń ya jù.
4. Kí ẹ tó kúrò, kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín, kí wọ́n wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń jáde, kí wọ́n sì fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára BCG tí ó wà fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, abẹ́rẹ́ ti àrùn ẹ̀dọ̀, àti oògùn rọpárọsẹ̀ kíkán sẹ́nu.
5. Kí wọ́n kọ ọjọ́ àbẹ̀wò sílẹ̀ fún yín: ọjọ́ kẹta, ìgbà kan láàrin ọjọ́ 7 sí 14, àti ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún kò gbọdọ̀ pa ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ.

## Ọ̀rọ̀ omi gbígbóná

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dá aáwọ̀ sílẹ̀ jù nínú ilé tí a ti bímọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ màmá ń ṣe ni pé wọ́n á ti aṣọ ìnura bọ omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, wọ́n á fún un, wọ́n á sì fi tẹ ikùn ìyá ọmọ títí yóò fi ké. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní kí ó jókòó sínú báàfù omi gbígbóná, nígbà mìíràn pẹ̀lú Dettol. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n gbà pé ẹ̀jẹ̀ dídì ni àwọn ń lé jáde.

Ilé ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó ń lé ẹ̀jẹ̀ yẹn jáde. Nígbà tí ọmọ bá ń mu ọmú, ara ìyá ń tú èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ tí ó ń mú ilé ọmọ súnkì. Ìdí nìyí tí inú fi ń run yín bí ọmọ bá ti gbá ọmú mú, pàápàá bí kì í bá ṣe ọmọ àkọ́kọ́. Ohun tí omi híhó ń ṣe ni pé ó ń bó awọ tí ó ti wú, ó sì ń ba ojú ọgbẹ́ tí wọ́n rán jẹ́. Dettol nínú omi ìjókòó ń ta ojú ọgbẹ́, kì í jẹ́ kí ó tètè jinná.

Bí ẹ ó ṣe yanjú rẹ̀ láìsí ìjà:

1. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jẹ́ ẹnu yín ni màmá ti máa gbọ́ ọ. Ẹ mú wọn dání lọ sí ọ̀kan nínú àyẹ̀wò oyún yín, kí ẹ sì bẹ nọ́ọ̀sì kí ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.
2. Ẹ fún wọn ní iṣẹ́ tí yóò rọ́pò rẹ̀. Kí wọ́n fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ yín, kí wọ́n fi aṣọ tí ó lọ́wọ́ọ́rọ́ wọ́ ẹ̀yìn, èjìká àti ẹsẹ̀ yín. Ẹ ti ìgbúnwọ́ bọ omi náà kí ó tó kan ara: bí ìgbúnwọ́ bá lè wà nínú rẹ̀ títí ẹ ó fi ka Àdúrà Olúwa tán láìfà á yọ, omi náà dára.
3. Bí ẹ bá fẹ́ jókòó sínú omi, kí ó jẹ́ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ lásán, nínú báàfù tí a fọ̀ mọ́, fún ìṣẹ́jú 10 sí 15.
4. Ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ ikùn rẹ̀ rárá, ìbáà ṣe omi gbígbóná, ìbáà ṣe òróró àdúrà. Kí pásítọ̀ fi òróró kan iwájú orí.

## Ọgbẹ́ àti ara

Ẹ fi omi mímọ́ ṣan ara lẹ́yìn ìtọ̀ àti ìgbẹ́, láti iwájú lọ sẹ́yìn, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ. Ẹ máa pààrọ̀ páàdì ní wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, bí kò tilẹ̀ kún. Ẹ̀jẹ̀ yóò pọ́n ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, yóò wá máa ṣú, yóò sì funfun níkẹyìn. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó tó dá. Ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kò gbọdọ̀ gbé ohun tí ó wúwo ju ọmọ lọ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹlòmíràn ni yóò máa fa omi kànga, ẹlòmíràn náà ni yóò sì máa ro àmàlà.

## Oúnjẹ àti ọmú

Ẹ ra ẹ̀wà, ẹja gbígbẹ, ẹyin àti èlùbọ́ sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, mọ́ínmọ́ín, gbẹ̀gìrì, ògì tí a fi wàrà sí, àti èso ìgbà, títí kan máńgòrò wa nígbà tí ó bá wà lóde, ni yóò dá ẹ̀jẹ̀ padà, tí kò sì ní jẹ́ kí ìgbẹ́ le. Ẹmu kì í mú ọmú wá. Kí ọmọ máa mu ọmú léraléra, lọ́sàn-án àti lóru, ni ó ń mú un wá.

Bí orí ọmú bá ń bó, bí ọmọ ṣe gbá a mú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Kí ẹnu ọmọ là gbagada, kí ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ yí síta, kí àgbọ̀n rẹ̀ kan ọmú, kí ó sì kó púpọ̀ nínú àyíká dúdú náà sẹ́nu. Bí orí ọmú nìkan ló wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ ki ìka kékeré bọ igun ẹnu rẹ̀, ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà gbáko: kò sí àgbo, kò sí omi, kò sí omi àdúrà pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá gbé omi àdúrà wá fún ọmọ, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ìyá mu ún bí omi náà bá mọ́.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ẹ sọ fún pásítọ̀ ṣáájú pé kí a má ṣe fi oyin kan ètè ọmọ. Oyin lè gbé kòkòrò kan tí ó ń mú kí ara ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan rọ, kí èémí rẹ̀ sì ṣòro. Kí àwọn òbí àti àwọn àgbà tọ́ oyin àti iyọ̀ wò, kí a sì wúre fún ọmọ; ìwúre náà kò dínkù. Ẹ̀yin náà, orí àga ni ipò yín lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe ìdí ìkòkò.

## Ọkàn yín

Ẹkún tí ó ń ṣàdédé bọ́ ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún wọ́pọ̀, ó sì máa ń lọ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tí oúnjẹ kò wù yín, tí ẹ kò lè sùn bí ọmọ tilẹ̀ sùn, tí ọmọ kò mú inú yín dùn, àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Ẹ sọ fún dókítà, kí ẹ sì sọ fún ẹnì kan nínú ìjọ tí kì í tú àṣírí.

Àbísínwín yàtọ̀ sí èyí, pàjáwìrì sì ni. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lọ́pọ̀ ìgbà: ìyá kò ní sùn, yóò máa gbọ́ ohùn, yóò máa sọ ohun àjèjì nípa ọmọ. Kí ọkọ yín ka ìpínrọ̀ yìí nísinsìnyí, nítorí ẹni tí ó ń ṣe kì í mọ̀. Ilé ìwòsàn ni kí a kọ́kọ́ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹnì kan gba ọmọ mọ́ra, kí a sì máa gbàdúrà níbẹ̀. Dídè é mọ́lẹ̀, nínà án tàbí fífi ebi pa á ní ilé àdúrà ń dá kún àìsàn náà ni.

Fún ìfọkànsìn, ẹ má ṣe di ẹrù tí ẹ kò lè gbé. Ẹ kọ ẹsẹ Bíbélì kan sára ògiri níbi tí ẹ ti ń fún ọmọ lọ́mú, kí ẹ máa gbọ́ Bíbélì lórí fóònù lóru. Àdúrà ìṣẹ́jú kan tó.

## Àmì tí kò gbọdọ̀ dúró di àárọ̀

Ẹ kọ èyí sí ìwé, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá. Ti ìyá:

- Ẹ̀jẹ̀ tí ó rin páàdì ńlá gbingbin láàrin wákàtí kan, tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì tí ó tóbi ju ẹyin lọ
- Orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tí ń ṣú, tàbí gìrì
- Ara gbígbóná tí ó dé 38°C, tàbí òórùn burúkú láti ojú ara tàbí ọgbẹ́
- Ẹsẹ̀ kan tí ó wú, tí ó sì ń dunni, àyà dídùn, èémí tí kò délẹ̀

Ti ọmọ:

- Kò mu ọmú mọ́, tàbí ó rọ jọwọrọ
- Ara rẹ̀ gbóná tàbí tutù jù, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tàbí gìrì mú un
- Ojú tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè (ẹ má ṣe fi oòrùn nìkan tọ́jú rẹ̀)
- Ìwọ́ rẹ̀ ń rùn tàbí ó ń ṣọyún

Ẹ pe awakọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ tó pe pásítọ̀. Pásítọ̀ lè gbàdúrà fún yín lójú ọ̀nà.

## Bí kò bá sí màmá tí yóò wá

Ìyá ẹlòmíràn ti sùn, ti ẹlòmíràn ń tajà lọ́nà jíjìn. Ẹ wá màmá àgbà kan nínú ìjọ tí yóò máa wọlé láàárọ̀ nìkan fún wíwẹ ọmọ, kí ọkọ gba ti alẹ́. Ọkọ lè fọ aṣọ ọmọ, ó lè se ẹ̀wà. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ bá gbà á lè san owó fún alágbàfọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, kí ó sì dín owó aṣọ ẹgbẹ́jọdá ìsọmọlórúkọ kù láti fi dí i.

## Ọ̀sẹ̀ kẹfà

Ẹ lọ fún àyẹ̀wò yìí bí ara yín tilẹ̀ dá ṣáṣá. Ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ àjẹsára láti gbà ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ohun tí ẹ ó béèrè: ṣé ọgbẹ́ ti jinná, ṣé ẹ̀jẹ̀ tó lára, báwo ni ìfúnpá, ìgbà wo ni ẹ lè padà sí iṣẹ́ àti sí àjọṣe lọ́kọláya. Ẹ béèrè nípa ìfètò-sọ́mọ-bíbí pẹ̀lú, kí ọkọ sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣàlàyé rẹ̀, nítorí oyún lè dúró kí nǹkan oṣù tó padà dé. Lẹ́yìn tí dókítà bá ti ní ara yín ti pé, ẹ lọ fún pásítọ̀ ní ọjọ́ ìdúpẹ́.